Ẹjọ́ Procopio: ológun ojú omi tí wọ́n ní kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Vietnam

Ní oṣù Keje ọdún 1966, ọkọ̀ ogun USS Intrepid wà lórí omi Vietnam. Ọkọ̀ ńlá ni, irú èyí tí bààlúù ogun ń gbéra lórí rẹ̀ tí wọ́n sì tún ń balẹ̀ sí. Alfred Procopio wà lára àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 1964 ló ti wà níbẹ̀, oṣù Keje ọdún 1967 ni iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà parí. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní New York lè ti rí ọkọ̀ yìí láì mọ ìtàn rẹ̀: etí odò Hudson ní Manhattan ni wọ́n so ó mọ́, ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ogójì ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, Procopio ti ní àtọ̀gbẹ, jẹjẹrẹ prostate náà sì wà lára rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2006 ó kọ̀wé sí VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì. Ó ní nítorí àtọ̀gbẹ tó ń bá òun jà, kí wọ́n san owó gbà-má-bínú tó tọ́ sí ẹni tí iṣẹ́ ogun kó àìsàn bá fún òun. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún 2007, ó fi ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ kún un. Oṣù Kẹrin ọdún 2009 ni èsì jáde. Wọ́n kọ̀ ọ́ lórí méjèèjì.

Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn pé ara rẹ̀ kò yá. Àìsàn méjèèjì ló wà nínú àkójọ àwọn àìsàn tí ìjọba fúnra rẹ̀ gbà pé ó tan mọ́ kẹ́míkà tí wọ́n fín ní Vietnam. Ọdún 1996 ni wọ́n ti fi jẹjẹrẹ prostate sí i, ọdún 2001 ni wọ́n fi irú àtọ̀gbẹ tó ń mú àgbàlagbà sí i. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi dá Procopio dúró. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ Vietnam, kò sì wọ odò inú ìlú wọn. Orí òkun ló wà ní gbogbo ìgbà tó fi ṣiṣẹ́.

Mo fẹ́ to ẹjọ́ yìí lẹ́sẹẹsẹ, nítorí ó dá mi lójú pé ìjà owó gbà-má-bínú àwọn ológun tí májèlé ba ara wọn jẹ́ kò ju ìbéèrè kan lọ: ta ni yóò mú ẹ̀rí wá? Ṣé ẹni tó ń ṣàìsàn ni, àbí ìjọba tó rán an lọ síbi tí májèlé wà, tí kò sì kọ ohunkóhun sílẹ̀ nípa ohun tó kàn án níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fín. Láti ọdún 1962 títí di ọdún 1971, àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà fi bààlúù C-123 fín kẹ́míkà apakoríko sórí igbó àti oko ní gúúsù Vietnam. Operation Ranch Hand ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Wọ́n fẹ́ kí ewé wọ́ dànù kí ọ̀tá má rí ibi fara pamọ́ sí, wọ́n sì fẹ́ kí oúnjẹ inú oko ṣòfò mọ́ ọ̀tá lọ́wọ́. Oríṣiríṣi kẹ́míkà ni wọ́n lò. Inú dúrọ́ọ̀mù gálọ́ọ̀nù 55 ni wọ́n ń kó wọn sí, wọ́n á wá fa ìlà aláwọ̀ yí dúrọ́ọ̀mù ká kí òṣìṣẹ́ lè mọ èyí tó jẹ́ èwo. Èyí tí ìlà rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn ni wọ́n ń pè ní Agent Orange, òun sì ni wọ́n lò jù lọ: ó lé ní mílíọ̀nù 11 gálọ́ọ̀nù. Kẹ́míkà méjì ni wọ́n pò pọ̀ ṣe é, 2,4-D àti 2,4,5-T. Ìdí èyí ìkejì yìí ni májèlé dioxin tí wọ́n ń pè ní TCDD ti ń yọ́ wọlé. Kò sẹ́ni tó dìídì fi sí i. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe kẹ́míkà ló ti ń jáde, pàápàá nígbà tí ooru bá pọ̀ jù. Dioxin kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Ọ̀rá àti ẹrẹ̀ ló máa ń lẹ̀ mọ́. Tó bá wọ ara èèyàn, inú ọ̀rá ló ń lọ jókòó sí, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn ará Vietnam ni ìyà yìí kọ́kọ́ jẹ, àwọn náà ló sì jẹ jù. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn iléeṣẹ́ tó ṣe kẹ́míkà náà lọ sí kóòtù ní New York, adájọ́ da ẹjọ́ wọn nù lọ́dún 2005. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ní tiwọn ti bá àwọn iléeṣẹ́ náà parí ẹjọ́ lọ́dún 1984 lórí mílíọ̀nù 180 dọ́là, owó tí kò tó nǹkan tí a bá ní ká pín in kárí gbogbo ẹni tó ń ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ Procopio ni mo jókòó tì lónìí, ṣùgbọ́n n kò lè fo àwọn tí wọ́n fín kẹ́míkà lé lórí nínú oko wọn kọjá bí ẹni pé wọn ò sí níbẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni VA máa ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba owó. Àkọ́kọ́ ni àìsàn tó wà lára rẹ̀ báyìí. Èkejì ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́nu iṣẹ́ ogun. Ẹ̀kẹta ni okùn tó so méjèèjì pọ̀, ìyẹn kí dókítà kọ ọ́ pé èyí ló fa èyí. Ẹni tí ọta ìbọn bà lẹ́sẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀, nítorí ìwé ilé ìwòsàn ogun wà, àpá náà sì wà. Ẹni tí májèlé wọ ara rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, tí jẹjẹrẹ wá yọ sí i nígbà tó lé lọ́gọ́ta, ibo ni yóò ti rí ìwé? Lọ́jọ́ tí wọ́n fín in, kò sẹ́ni tó yẹ afẹ́fẹ́ wò, kò sẹ́ni tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ lónìí kò sí níbẹ̀ nígbà yẹn. Ìjọba tó yẹ kó ní àkọsílẹ̀ kò ní in.

Nítorí èyí ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà fi ṣe òfin Agent Orange Act lọ́dún 1991. Òfin náà gbé ẹrù ẹ̀rí kúrò lórí aláìsàn. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ogun orí ilẹ̀, ti ojú omi tàbí ti òfurufú, tó sì sìn ní Republic of Vietnam, ìyẹn orúkọ tí gúúsù Vietnam ń jẹ́ nígbà náà, láàárín ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1962 sí ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1975, kí ìjọba gbà pé kẹ́míkà kàn án. Tí ọ̀kan nínú àwọn àìsàn tó wà nínú àkójọ bá wá mú un, kí wọ́n gbà pé ibẹ̀ ló ti kó o, àyàfi tí ẹ̀rí gidi bá wà tó sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, òfin yìí gan-an ni owó gbà-má-bínú. Owó tó ń wọ báǹkì lóṣooṣù, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń tọ̀. Ẹni tí òfin náà bá bò, ó ti rí nǹkan gbà. Ẹni tí wọ́n bá tì síta, bí àìsàn rẹ̀ ṣe wù kó le tó, ó ti padà sídìí ohun mẹ́ta yẹn, kò sì ní rí ẹ̀kẹta mú wá.

Láàárín ọdún mélòó kan, ìwé ìlànà tí àwọn òṣìṣẹ́ VA ń lò kò le mọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi. Ẹni tó bá ti ní àmì ẹ̀yẹ Vietnam Service Medal, wọ́n ń kà á sí ẹni tó sìn níbẹ̀, àwọn tó wà lórí òkun náà sì gba àmì ẹ̀yẹ yìí. Lọ́dún 1997, àwọn amòfin VA kọ̀wé pé sísìn nínú ọkọ̀ lórí òkun jíjìn kò jẹ́ sísìn ní Vietnam. Nígbà tó di ọdún 2002 wọ́n yí ìwé ìlànà padà. Láti ìgbà náà, ẹni tí bààlúù rẹ̀ balẹ̀ ní Saigon fún wákàtí díẹ̀ kó tó tún gbéra lọ síbòmíràn, òfin bò ó. Ẹni tó lo oṣù mẹ́fà lórí omi létí ilẹ̀ Vietnam, tó ń wo èéfín ogun pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, òfin ò bò ó. Bí wọ́n ṣe pín àwọn jagunjagun sí méjì nìyẹn. Àwọn tó wà lórí òkun ni wọ́n ń pè ní Blue Water Navy.

Kí Procopio tó dé kóòtù ńlá, ẹlòmíràn ti ṣíwájú rẹ̀ lọ, ó sì ti ṣubú. Jonathan Haas sìn nínú USS Mount Katmai, ọkọ̀ tó ń kó ohun ìjà. Ó ní ìkùukùu kẹ́míkà máa ń ti orí ilẹ̀ fẹ́ wá sórí omi, yóò sì bo ọkọ̀ àwọn. Àtọ̀gbẹ mú un, ó bèèrè owó lọ́dún 2001, VA kọ̀. Kóòtù tó wà fún ẹjọ́ àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì dá a láre lọ́dún 2006. Inú àwọn ọmọ ogun ojú omi dùn, àmọ́ ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Lọ́dún 2008, Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Federal Circuit fagi lé ìdájọ́ náà. Adájọ́ méjì sí ọ̀kan ni wọ́n fi dá a. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ inú òfin kò yéni yéké, nítorí náà, bí VA bá ṣe túmọ̀ rẹ̀ ni kí gbogbo èèyàn gbà á. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kọ̀ láti gbọ́ ọ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn ìyẹn ni VA fi lẹ́tà tirẹ̀ ránṣẹ́ sí Procopio. Ọ̀nà ti dí kó tó gbéra.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ni omi tí wọ́n ń mu nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ ogun kì í gbé omi mímu tó máa tó o fún oṣù mélòó kan láti ilé. Òkun ló ti ń pọn ọ́n. Ẹ̀rọ á fa omi iyọ̀ wọlé, wọ́n á sè é títí yóò fi di oru, wọ́n á wá mú kí oru náà tutù padà di omi tí kò níyọ̀. Omi yìí ni wọ́n ń mu, òun ni wọ́n fi ń se oúnjẹ, òun náà ni wọ́n fi ń wẹ̀. Gbogbo ayé gbà pé omi tí wọ́n bá fi oru ṣe kò lè ní ìdọ̀tí.

Àwọn ará Australia náà jagun ní Vietnam, wọ́n sì kíyè sí i pé àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn ń kú ju bó ṣe yẹ lọ, tó fi jẹ́ pé ikú tiwọn tún pọ̀ ju ti àwọn tó jà lórí ilẹ̀. Báwo ló ṣe lè rí bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé orí ilẹ̀ ni wọ́n fín kẹ́míkà sí? Àwọn onímọ̀ ní Queensland ṣe irú ẹ̀rọ ìsemi inú ọkọ̀ yẹn, wọ́n fi dioxin sínú omi òkun, wọ́n sì sè é. Lọ́dún 2002 wọ́n gbé àbájáde wọn jáde. Dioxin kò dúró sẹ́yìn pẹ̀lú iyọ̀. Ó bá oru gòkè, ó sì bá omi mímu sọ̀ kalẹ̀ síhà kejì, ó wá pọ̀ nínú omi mímu ju bó ṣe wà nínú omi òkun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tó yẹ kó fọ omi mọ́ ló ń ko májèlé jọ.

Ẹni tó bá dáko létí odò mọ̀ pé kẹ́míkà tí aládùúgbò fín lókè odò kì í dúró lókè. Òjò rọ̀ sórí igbó tí wọ́n fín, ẹrẹ̀ wọ odò, odò Mekong àti àwọn odò yòókù gbé e lọ sínú òkun, ọkọ̀ sì dúró sí ẹnu ibẹ̀ tó ń fa omi. Ìwádìí Australia kò sọ iye dioxin tó wà nínú omi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan fà nígbà ogun, nítorí kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n nígbà yẹn. Nígbà tí VA ní kí Institute of Medicine, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìlera ní Amẹ́ríkà, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ìgbìmọ̀ náà sọ lọ́dún 2011 pé ẹ̀rọ ìsemi lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tó wà nílẹ̀ kò tó láti sọ bóyá kẹ́míkà kan àwọn ọmọ ogun ojú omi tàbí kò kàn wọ́n. VA di èyí mú. Wọ́n ní níwọ̀n bí ẹ̀rí kò ti sí, àwọn ò ní yí ohùn padà. Ẹ wò ó dáadáa: nítorí pé ẹ̀rí kò sí ni wọ́n ṣe ṣe òfin ọdún 1991. Wọ́n wá sọ àìsí ẹ̀rí náà di ohun tí wọ́n fi ń ti àwọn èèyàn síta.

Procopio kò jáwọ́. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ìpẹ̀jọ́ nínú VA kọ̀ ọ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2011, wọ́n tún kọ̀ ọ́ ní oṣù Keje ọdún 2015. Kóòtù àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì ti ìpinnu náà lẹ́yìn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016. Láàárín ìgbà yìí, àwọn mìíràn ń jà lórí èbúté Da Nang ní Vietnam, bóyá kí wọ́n kà á mọ́ odò inú ìlú tàbí mọ́ òkun. Kóòtù sọ fún VA lọ́dún 2015 pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ń pààlà láàárín odò àti òkun kò ní orí kò ní ìdí, kí wọ́n lọ tún un ṣe. Ohun tí VA fi tún un ṣe ni pé wọ́n fa ààlà náà sún mọ́ etí ilẹ̀ sí i lọ́dún 2016, èbúté sì bọ́ síta. Nígbà tí mo kà á, ojú ló kọ́kọ́ tì mí, kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Procopio dé Federal Circuit, kóòtù kan náà tó da Haas nù. Ìdájọ́ Haas sì ti so àwọn adájọ́ mẹ́ta tí wọ́n kọ́kọ́ yàn fún un lọ́wọ́. Ni kóòtù náà bá fúnra rẹ̀ pàṣẹ lọ́dún 2018 pé kí gbogbo adájọ́ jókòó pọ̀ kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà, nítorí àwọn adájọ́ lápapọ̀ nìkan ló lè fagi lé ohun tí kóòtù ti dá tẹ́lẹ̀. Ìdájọ́ jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019. Adájọ́ mẹ́sàn-án gbè é, méjì kọ̀.

Adájọ́ Kimberly Moore ló kọ ọ́, àlàyé rẹ̀ kò sì lọ́jú pọ̀. Òfin ọdún 1991 pe orúkọ orílẹ̀-èdè kan: Republic of Vietnam. Orílẹ̀-èdè tó bá wà létí òkun, òfin àgbáyé ti gbà tipẹ́tipẹ́ pé omi tó yí etí ilẹ̀ rẹ̀ ká jẹ́ apá kan lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe òfin náà, máìlì òkun 12 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò sí, Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ sì ti kéde 12 fún ara rẹ̀ lọ́dún 1988. Àdéhùn Geneva ti ọdún 1954, tó pín Vietnam sí méjì, mẹ́nu kan omi tó jẹ́ ti apá kọ̀ọ̀kan. Kí wá ni VA rí tó fi sọ pé ilẹ̀ gbígbẹ nìkan ni Vietnam? Òfin náà tún dárúkọ iṣẹ́ ogun ojú omi pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀. Kóòtù ní ohun tí òfin sọ yéni, kò sí àyè fún VA láti máa túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n wọ́gi lé ìdájọ́ Haas. Ìjọba ò sì jiyàn pé Intrepid wọ inú máìlì 12 yẹn.

Àwọn adájọ́ méjì tó kọ̀, Chen àti Dyk, ní tí ìdájọ́ kan bá ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò yẹ kí kóòtù ṣàdédé dà á nù. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ni kó tún òfin ṣe tó bá wù ú, nítorí owó ńlá ló so mọ́ ọn. Mo ka ọ̀rọ̀ wọn tán, mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n n kò gbà á. Ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n fi ṣi òfin lò kò sọ àṣìlò náà di òfin.

Ọdún méjìlá ó lé ló wà láàárín ìwé àkọ́kọ́ tí Procopio kọ àti ìdájọ́ yìí. Kí ilẹ̀ tó pòṣìkà, ohun rere á ti bàjẹ́. Àwọn tí wọ́n jọ bèèrè lọ́dún 2006, tí wọ́n kú kí ọdún 2019 tó dé, kò sí ìdájọ́ tó máa jí wọn dìde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iye tí wọ́n ń jà lé lórí, kí ó má baà dà bíi pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni. VA máa ń fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún wọn bí àìsàn ṣe ba ara jẹ́ tó. Àtọ̀gbẹ tó gba oògùn àti ìṣọ́ra lórí oúnjẹ máa ń jẹ́ 20. Jẹjẹrẹ prostate tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lára jẹ́ 100, wọn yóò sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá parí. Lọ́dún 2019, ẹni tí kò ní aya tàbí ọmọ tó ń bọ́, tó wà ní 20, ń gba bíi dọ́là 276 lóṣù. Ẹni tó wà ní 100 ń gba ju dọ́là 3,057 lọ. Fún àgbàlagbà tó ń ra oògùn, ìyàtọ̀ tó wà nínú kí VA gbà àti kí VA kọ̀ lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín kí ó máa gbé nínú ilé rẹ̀ àti kí ó tà á.

Ìjọba kò gbé ìdájọ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Lọ́dún 2018, àwọn aṣojú-ṣòfin ti dìbò 382 sí òdo fún àbá òfin kan tó máa bo àwọn Blue Water, ṣùgbọ́n ó kú sí ilé àwọn sẹ́nátọ̀. Olórí VA nígbà náà, Robert Wilkie, ló kọ̀wé tako ó. Lẹ́yìn ìdájọ́ Procopio, wọ́n tún gbé e padà: 410 sí òdo, àwọn sẹ́nátọ̀ fọwọ́ sí i, Ààrẹ buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 2019. Láti rí owó rẹ̀, wọ́n fi díẹ̀ kún owó tí àwọn ológun ń san tí wọ́n bá fi ẹ̀yáwó VA ra ilé: ẹni tó ń rà fún ìgbà àkọ́kọ́ láì san owó ìṣáájú bọ́ láti ìdá 2.15 sí 2.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé àwọn ọ̀dọ́ ológun ni wọ́n ní kó san gbèsè tí ìjọba jẹ àwọn àgbà wọn. Ibi tí kò bá mi lára mu nínú òfin náà nìyẹn.

Òfin náà sọ pé ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020 ni yóò bẹ̀rẹ̀. Wilkie lo àyè yẹn, ó ní kí wọ́n dá gbogbo ìwé ìbéèrè àwọn Blue Water dúró títí di ọjọ́ náà, láìka pé kóòtù ti dájọ́ láti oṣù Kìn-ín-ní. Jẹjẹrẹ kò mọ ọjọ́ tí òfin ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó kù ni owó ẹ̀yìn. Láti ọdún 1991 ni àdéhùn kan ti wà ní kóòtù ní California, èyí tí wọ́n ń pè ní Nehmer, tó ní tí VA bá wá gbà pé àìsàn kan tan mọ́ Agent Orange, wọ́n gbọ́dọ̀ tún ìwé àwọn tí wọ́n ti kọ̀ lórí rẹ̀ yẹ̀ wò, kí wọ́n sì san owó wọn láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè. VA ní àdéhùn náà kò kan àwọn Blue Water. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, Adájọ́ William Alsup ní ó kàn wọ́n, ó sì pàṣẹ pé kí VA fúnra rẹ̀ tún gbogbo ìwé tí wọ́n ti kọ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ fífẹsẹ̀ tẹlẹ̀ yẹ̀ wò. Àwọn opó àti ọmọ tí òkú fi sílẹ̀ náà lè jàǹfààní.

Báyìí, ìwé tó ń dá ẹjọ́ ni àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ọkọ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀, aago méjìlá ọ̀sán, aago mẹ́jọ alẹ́, òṣìṣẹ́ kan nínú ọkọ̀ ogun máa ń kọ ibi tí ọkọ̀ wà lórí òkun sílẹ̀ ní nọ́ńbà. Ní College Park ní Maryland ni wọ́n kó àwọn ti ìgbà ogun Vietnam pa mọ́ sí. Òfin ọdún 2019 to àwọn kókó orí òkun tí wọ́n ń fà ìlà gbà, tí wọ́n á sì ka máìlì 12 láti ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun wà nínú ààlà, nọ́ńbà aago méjìlá ọ̀sán tí ẹnì kan kọ lọ́dún 1967 ni yóò sọ fún un.

Mo ní ìdí tí mo fi ń kọ èyí ní Yorùbá. Láàárín ọdún 2009 sí ọdún 2016, ètò kan tí wọ́n ń pè ní MAVNI gba àwọn àlejò tó gbọ́ èdè tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà nílò wọlé, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè náà. Àwọn ọmọ wa tó gba ọ̀nà yìí àti ọ̀nà mìíràn wọṣẹ́ ológun pọ̀. Ẹni tí wọ́n rán lọ sí Iraq tàbí Afghanistan mọ kòtò tí wọ́n ti ń dáná sun ìdọ̀tí nínú bárékè: ike, táyà, bátìrì, ìdọ̀tí ilé ìwòsàn, wọ́n á da epo bààlúù lé e, èéfín dúdú á máa fẹ́ wọ ibi tí wọ́n ń sùn. Àwọn náà jà tipẹ́ kí VA tó gbà. Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 2022 ni wọ́n buwọ́ lu òfin PACT Act, tí wọ́n fi sọrí Heath Robinson, sájẹ́ǹtì láti Ohio tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa lọ́dún 2020. Ó fi àìsàn tó lé ní 20 kún àkójọ fún àwọn tí èéfín yìí kàn, ó sì fi ẹ̀jẹ̀ ríru kún ti Agent Orange. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò tó ti dé ibẹ̀, ẹ sọ fún un kó lọ fi orúkọ sílẹ̀ kí àìsàn tó dé, kó tọ́jú ìwé tí wọ́n fi rán an lọ àti DD214 tí wọ́n fún un nígbà tó kúrò. Ẹni tí wọ́n ti kọ̀ tẹ́lẹ̀ lè tún ìbéèrè rẹ̀ gbé wá lábẹ́ òfin tuntun. Àwọn ẹgbẹ́ ológun tó ti fẹ̀yìntì ní àwọn aṣojú tí VA mọ̀ tó ń bá èèyàn kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ìdí láti san owó fún àwọn tó ń polówó ara wọn kiri.

Àwọn kan ṣì wà níta. Ààlà máìlì òkun 12 gba Procopio wọlé, ó sì ti àwọn ẹlòmíràn síta. Àwọn ọkọ̀ tí bààlúù ń gbéra lórí wọn máa ń dúró sí ibi tí wọ́n ń pè ní Yankee Station nínú òkun Tonkin, tó jìnnà ré kọjá ààlà yẹn. Bààlúù tó ń ti orí ilẹ̀ Vietnam bọ̀ ń balẹ̀ sórí ọkọ̀ wọn, àwọn ni wọ́n sì ń fọ̀ ọ́. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò wọ inú máìlì 12 rárá lè bèèrè owó, òfin kò dí i lọ́nà, àmọ́ ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò mú wá fúnra rẹ̀: àìsàn, ẹ̀rí pé kẹ́míkà kàn án, àti lẹ́tà dókítà tó so méjèèjì pọ̀.